Adé eyín tí kọ̀ǹpútà ṣe àti èyí tí ọwọ́ ṣe: Èwo ni ká yàn?

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní funfun niyì eyín. Ṣùgbọ́n ẹni tí eyín ẹ̀yìn ẹnu rẹ̀ bá ti kán nídìí egungun ẹran mọ̀ pé kí eyín lè jẹun ló ṣáájú kó funfun. Bí gbòǹgbò irú eyín bẹ́ẹ̀ bá ṣì dúró dáadáa, dókítà eyín lè má yọ ọ́. Ó lè gé ara rẹ̀ kéré, kó sì fi ohun líle kan dé e lórí bíi fìlà. Ohun náà ni wọ́n ń pè ní adé eyín.

Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà ṣe adé yìí lónìí: iṣẹ́ ọwọ́ àti iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Ti kọ̀ǹpútà sábà máa ń gbówó lórí jù. Ṣé ó wá dára ju ti ọwọ́ lọ ni?

Iṣẹ́ ọwọ́

Lẹ́yìn tí dókítà bá gé eyín tán, yóò ki ohun rírọ̀ kan bọ aláìsàn lẹ́nu kí àmì eyín lè hàn lára rẹ̀. Èébì máa ń gbé àwọn mìíràn níbi tí wọ́n bá dé yìí. Wọn yóò da ohun tó jọ P.O.P. sínú àmì náà, yóò sì di ère eyín. Orí ère yìí ni oníṣẹ́ eyín yóò ti fi ìda mọ adé. Yóò fi ohun tó dà bí amọ̀ bo ìda, yóò fi iná yọ́ ìda náà kúrò, yóò sì da irin yíyọ́ sí àyè rẹ̀. Bí wọ́n bá fẹ́ kó funfun, yóò fi tánganran bo irin náà.

Ọgbọ́n yìí kò ṣàjèjì sí wa. Ìda bẹ́ẹ̀ ni àwọn asúdẹ Ilé-Ifẹ̀ lò fún àwọn orí idẹ tí wọ́n hú jáde ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ lọ́dún 1938. Ọdún 1907 ni William Taggart, dókítà eyín ará Amẹ́ríkà, fi han àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bí wọ́n ṣe lè fi ọgbọ́n ìda tún eyín ṣe.

Iṣẹ́ ọwọ́ yìí sábà máa ń gba ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Adé onígbà díẹ̀ ni aláìsàn yóò máa lò títí yóò fi padà wá.

Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà

Yunifásítì Zurich ní orílẹ̀-èdè Switzerland ni Werner Mörmann àti Marco Brandestini ti gbé ọ̀kan lára àwọn ẹ̀rọ yìí jáde. Lọ́dún 1985, wọ́n fi dí ihò eyín aláìsàn àkọ́kọ́; ẹ̀yìn ìgbà náà ni wọ́n tó ń fi irú rẹ̀ ṣe odidi adé. Kámẹ́rà kékeré ló ń ya àwòrán inú ẹnu. Dókítà yóò ya adé lójú kọ̀ǹpútà, ẹ̀rọ yóò sì gbẹ́ ẹ láti ara òkúta tánganran.

Níbi tí ẹ̀rọ agbẹ́dé bá wà, iṣẹ́ lè parí lọ́jọ́ kan. Èrè ńlá nìyí fún ẹni tó ń wọkọ̀ láti abúlé. Ṣùgbọ́n bí ilé ìwòsàn bá ní kámẹ́rà nìkan, wọn yóò fi àwòrán ránṣẹ́ síbòmíràn, ẹ ó sì tún padà wá. Bákan náà, irú adé kan tó le gan-an, zirconia, gbọ́dọ̀ wọ iná ààrò tó gbóná tó nǹkan bí 1,500 ní ìwọ̀n Celsius, èyí tó nílò iná mànàmáná tí kì í ṣẹ́jú.

Èwo ló sàn?

Bí iṣẹ́ bá dára, méjèèjì ló ń bá eyín mu rẹ́gí, méjèèjì ló sì lè lo ọdún mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tánganran kọ̀ǹpútà kò ní irin nínú, nítorí náà kì í fi ìlà dúdú hàn nídìí eyín bíi ti onírin. Ṣùgbọ́n irin lásán kò nílò kí wọ́n gé eyín púpọ̀, kì í sì í tètè fọ́ lẹ́nu ẹni tó ń wa eyín pọ̀ lójú oorun.

Ohun tó sábà ń ba adé jẹ́ ni kòkòrò tó ń jẹ eyín lábẹ́ etí adé, kò sì bìkítà bóyá ọwọ́ ló ṣe adé tàbí ẹ̀rọ. Ẹ máa fọ ìdí rẹ̀ láàárọ̀ àti lálẹ́.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ bi dókítà ní ìbéèrè mẹ́ta: ẹ̀ẹ̀melòó ni mo máa wá? Kí ni wọ́n fi ṣe adé náà? Bó bá yọ tàbí tó fọ́, ta ni yóò tún un ṣe? Bí ìdáhùn bá tẹ́ yín lọ́rùn, tí owó ti ọwọ́ ló sì ká yín lára, ẹ má ṣe rò pé ẹ gba èyí tí kò dára.