Ìwé Ìpè Tí Ẹ Fẹ́ Tẹ̀ ní Ṣómólú

Bí ẹbí yín bá ń múra òkú àgbà tàbí ìgbéyàwó l'Ékòó, kò ní pẹ́ tí ẹnìkan á fi ní, "Ẹ gbé e lọ sí Ṣómólú." Ìwé ìpè ni o, ìwé ètò ìsìn ni o, kàlẹ́ńdà àti jọ́tà tí àlejò máa gbé relé, àwọn atẹ̀wé tó ń ṣe é pọ̀ láti Onípànù wọ Bàrígà. Ibẹ̀ ni àròyé ti ń bẹ̀rẹ̀. Ọmọ yín tó dàgbà sí Lọ́ńdọ̀nù á fẹ́ mọ ìdí tí ọ̀gá atẹ̀wé fi ń gbowó kó tó ṣiṣẹ́, àti ìdí tí màmá àgbà fi ń kí i títí, tó ń béèrè ìyàwó, tó ń béèrè ọmọ, kó tó sọ ohun tó bá a wá.

Ẹ jẹ́ ká mú kíkí yẹn ná. Ilé iṣẹ́ kékeré ní Ṣómólú kì í sábà ní gbogbo ẹ̀rọ. Ẹnìkan ń ya iṣẹ́ sórí kọ̀ǹpútà, ẹlòmíràn lójúlé kejì ń ṣe péléètì. Ọ̀gá tí ẹ bá sọ̀rọ̀ lè má ní ju ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kan lọ, Heidelberg tòkunbọ̀ láti Jámánì. Ẹni tó ń gé bébà wà lọ́tọ̀, ẹni tó ń fi ọ̀rá bo èèpo ìwé wà lọ́tọ̀. Láti ṣọ́ọ̀bù dé ṣọ́ọ̀bù ni iṣẹ́ yín ń rìn, léjìká ọmọ iṣẹ́, kò sì sí lọ́yà kankan láàárín wọn. "Ẹ kú iṣẹ́ o" ló so wọ́n pọ̀, pẹ̀lú ìkómọ tí wọ́n jọ lọ, àti wáyà tí ẹni tó ní jẹnẹrétọ̀ máa ń fà fún aládùúgbò bí iná bá lọ. Ọ̀gá tí ò mọ èèyàn kí, iṣẹ́ rẹ̀ ló máa gbẹ̀yìn lọ́dọ̀ agébébà lọ́jọ́ Jímọ̀ tí ojú gbogbo wọn ń kán. Màmá àgbà mọ̀ bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi ń kí ọ̀gá títí. Ìwé ìpè tirẹ̀ kì í pẹ́.

Ti àsansílẹ̀ yéni ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ilé iṣẹ́ bébà tí ìjọba kọ́ sí Ìwópin, Jẹ́bà àti Oku Iboku ti dẹnu kọlẹ̀ lọ́wọ́ ìjọba tipẹ́, òkè òkun ni ọ̀pọ̀ bébà ìtẹ̀wé ń gbà wá, bí dọ́là bá ti lọ sókè, òun náà ti gbówó lórí nìyẹn. Owó yín gan-an ni ọ̀gá fi ń ra bébà yín. Ẹni tó bá ní kó ṣe é ná, ó ń yáwó lọ́wọ́ rẹ̀ láìsọ ọ́. Tí iṣẹ́ bá parí, ẹ máa rí i pé ìwé tó wà nínú páálí lé díẹ̀ sí iye tí ẹ san. Èènì nìyẹn, bí aláta ṣe ń bu tirẹ̀ sí i.

Àwọn ọmọ iṣẹ́ ńkọ́? Nígbà tí ajíhìnrere òyìnbó Henry Townsend ń tẹ ìwé ìròyìn tó ń jẹ́ *Ìwé Ìròyìn* jáde l'Ábẹ́òkúta ní 1859, àwọn ọ̀dọ́ ilẹ̀ wa tó kọ́ níṣẹ́ ló bá a tẹ̀ ẹ́. Àṣà ìkọ́ṣẹ́ fúnra rẹ̀ ti wà tipẹ́ lọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ àti ahunṣọ. Òbí á mú ọmọ wá, wọ́n á ṣàdéhùn ọdún, ẹni tó dúró fún un á wà níbẹ̀. Ọmọ náà kò ní gba owó oṣù. Owó oúnjẹ ni ọ̀gá ń fún un. Lọ́jọ́ fíríìdọ̀ọ̀mù, ìyẹn ọjọ́ tó parí ìkọ́ṣẹ́, á kúnlẹ̀, ọ̀gá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ á gbàdúrà fún un lójú gbogbo èèyàn. Ó nídìí tó fi jẹ́ ní gbangba: oníbàárà tí kò mọ ọmọ náà rí mọ ọ̀gá rẹ̀, orúkọ ọ̀gá ló máa kọ́kọ́ fi jẹun. Àwọn ọ̀gá kan sì wà tí wọ́n ń fi ọmọ fọṣọ, tí wọ́n ń fi pọnmi, títí ọdún àdéhùn fi pé láìmọ̀ bí a ti ń fọ ẹ̀rọ. Wọ́n á ní ìtẹríba ni. Èmi ò gbà. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ lóòótọ́, ṣùgbọ́n t'àgbàlagbà náà ò wọ kèrègbè.

Tí ẹ bá wá gba ẹrù yín, ẹ fún àwọn ọmọ náà lówó omi. Kó má jẹ́ níkọ̀kọ̀ o. Ẹ fún wọn lójú ọ̀gá, kí ẹ sì sọ fún un pé, "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí n fi èyí ra omi fún wọn." Owó tó bá gba ẹ̀yìn rẹ̀, ohun tó máa rò ni pé ẹ fẹ́ máa gbé iṣẹ́ fún ọmọ iṣẹ́ òun lábẹ́lẹ̀.