Kókó Kékeré Inú Orí Abiyamọ

Bí obìnrin bá bímọ tán tí ọmú rẹ̀ kò sẹ̀, tí nǹkan oṣù rẹ̀ kò padà wá mọ́, tí òtútù ń mú un nígbà tí oòrùn ń ràn, kí ni àwọn ará ilé yóò wí? Wọn yóò ní ayé ni ó ń bá a jà. A kò rò pé ọ̀rọ̀ náà yàtọ̀ ní Ouagadougou, olú ìlú Burkina Faso, níbi tí àwọn ọmọ Yorùbá ti ń ṣòwò láti ọjọ́ pípẹ́.

Ṣùgbọ́n a fẹ́ kí ẹ̀yin òǹkàwé wa mọ̀ pé àrùn lè ni. Lábẹ́ ọpọlọ ni kókó kan wà tí kò ju wóró ẹ̀wà lọ, tí àwọn oníṣègùn ń pè ní pituitary. Òun ni ó ń fi họ́mọ̀nù pàṣẹ fún ọmú kí ó sẹ̀, àti fún ara kí ó lágbára.

Olórí tí ń pàṣẹ yìí náà a sì máa gbàṣẹ. Ní 1968, Armen Tashjian àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà kéde pé àwọn ń sin sẹ́ẹ̀lì kókó yìí, tí wọ́n mú lára eku, nínú àwo. Àwọn onímọ̀ rí i pé bí a bá fi oestrogen, họ́mọ̀nù obìnrin, sí wọn, họ́mọ̀nù omi ọmú tí wọ́n ń ṣe a pọ̀ sí i.

Bẹ́ẹ̀ ni oyún ń ṣe. Oestrogen aboyún a mú kí kókó náà tóbi, ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ tí ń bọ́ ọ kì í pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, bí ẹ̀jẹ̀ bá ya ìyá náà púpọ̀ nígbà ìbímọ, apá kan kókó náà lè kú. Harold Sheehan, oníṣègùn ará Gẹ̀ẹ́sì, ṣàlàyé rẹ̀ ní 1937. Orúkọ rẹ̀ ni a fi ń pe àrùn náà. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ a máa fi í hàn, oògùn tí ó dípò họ́mọ̀nù sì wà. Bí a kò bá mọ̀ ọ́n, àìsàn kékeré lè gbé aláìsàn lọ.

Kí ẹ̀jẹ̀ má ya jù ni ó dára jù. Ní 2016, ìjọba Burkina Faso mú owó kúrò lórí ìtọ́jú aboyún. Ní 2023, ìwádìí kan ní ilé ìwòsàn 80 ní Nàìjíríà, Kenya, Tanzania àti South Africa fi hàn pé bí àwọn agbẹ̀bí bá ń gbe ẹ̀jẹ̀ sínú ọ̀rá tí a lè fi wọ̀n ọ́n, tí wọ́n sì ń ṣe gbogbo ìtọ́jú lẹ́ẹ̀kan náà, ewu ńlá a dín kù ní nǹkan bí ìdá 60 nínú 100.

Nítorí náà, kí a tó wí pé ayé ni, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ bi ìyálọ́mọ léèrè bí ẹ̀jẹ̀ ti ya án tó ní ọjọ́ ìkúnlẹ̀, kí a sì sọ ọ́ fún dókítà.