Ẹ Jẹ́ Ká Mọ̀: Ẹjọ́ Kò-Tẹ́-Mi-Lọ́rùn Lórí Rírú Àṣẹ Ìdáàbòbò ní England

Ní England àti Wales, ilé-ẹjọ́ lè pa á láṣẹ fún ẹni tí ó ń yọ ọkọ, ìyàwó tàbí mọ̀lẹ́bí rẹ̀ lẹ́nu pé kí ó jìnnà sí i; láti ọdún 2007 sì ni rírú irú àṣẹ ìdáàbòbò yìí, láìsí àwíjàre tí ó mọ́gbọ́n wá, ti di ọ̀ràn tí ó lè sọ ènìyàn sí ẹ̀wọ̀n ọdún 5. Bí àṣẹ náà bá ka ìkànsíni léèwọ̀, àtẹ̀jíṣẹ́ kan ṣoṣo láti kí ọmọ kú ọjọ́ ìbí lórí fóònù ìyá rẹ̀ lè tó ẹ̀ṣẹ̀.

Ẹni tí ó sọ pé òun kò jẹ̀bi, tí ilé-ẹjọ́ májísíréètì sì dá lẹ́bi, ní ẹ̀tọ́ láti pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sí Crown Court láàárín ọjọ́ iṣẹ́ 15 lẹ́yìn tí wọ́n bá ti dá ìjìyà fún un, níbi tí wọn yóò ti tún ẹjọ́ náà gbọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Àǹfààní ńlá ni, ṣùgbọ́n ìjìyà lè pọ̀ sí i.

Bí ó bá jẹ́ Crown Court ni ó kọ́kọ́ dá a lẹ́bi, ọ̀nà há jù bẹ́ẹ̀ lọ: ọjọ́ 28 ni ó ní láti tọrọ àyè láti pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, ó sì gbọ́dọ̀ fi hàn pé ìdálẹ́bi náà kò ṣeé gbára lé, bíi kí adájọ́ ti sọ pé olùjẹ́jọ́ ni yóò fi ẹ̀rí fi ìdí àwíjàre rẹ̀ múlẹ̀, nígbà tí ó jẹ́ pé olùpẹ̀jọ́ ni òfin ní kí ó bì í ṣubú.

Ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn kì í gbé àṣẹ ìdáàbòbò kúrò. Kí ẹni tí ó ń dúró de ìgbẹ́jọ́ má ṣe kàn sí ẹni tí àṣẹ náà ń dáàbò bò.