Ẹni Tó Fẹ́ Ya Kòkòrò, Kó Kọ́kọ́ Wò Ó Dáadáa



Ní Sátidé kan, àwọn ọmọ rí òkú lámilámi lábẹ́ igi páìnì níhìn-ín ní The Woodlands. Ọ̀kan ní, "Kòkòrò lásán ni, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́ nù." A ní rárá o, ẹ yà á. Gbogbo wọn ya ìyẹ́ méjì. Nígbà tí wọ́n tún un wò, ìyẹ́ mẹ́rin ló ní!

Àwọn ayàwòrán Yúróòpù náà kọ́ ẹ̀kọ́ yìí. Ní 1505, Albrecht Dürer, ará Jámánì, ya kòkòrò oníwo kan ṣoṣo sórí ìwé, bí ẹni ya ọba. Joris Hoefnagel, tí wọ́n bí ní Antwerp ní 1542, ṣe ìwé mẹ́rin: ti iná, ilẹ̀, omi àti afẹ́fẹ́. Inú ìwé iná ló kó kòkòrò sí. Ní ojú ìwé kan, ìyẹ́ lámilámi gidi ló lẹ̀ mọ́ ọn. Washington ni ìwé náà wà.

Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣì gbà pé inú ohun tó jẹrà ni kòkòrò ti ń jáde. Maria Sibylla Merian, ọmọ Jámánì, ti ń wo kòkòrò sílíìkì láti 1660, nígbà tó wà ní ọmọ ọdún 13. Ó ń ya ẹyin, ìdin àti labalábá pọ̀ sójú kan. Ní 1699 ó lọ sí Suriname. Ìwé rẹ̀, tó ní àwòrán 60, jáde ní 1705.

Ṣùgbọ́n ta ló la ọ̀nà igbó fún un? Àwọn ẹrú ni. Àwọn ọmọ Áfíríkà àti àwọn onílẹ̀ ibẹ̀ ló ràn án lọ́wọ́. Orúkọ Merian wà lára ìwé. Orúkọ tiwọn kò sí.

Ẹ̀yin tó ń kọ́ ìjúbà, èyí kàn wá. Ọ̀pọ̀ àwọn tó gbé òrìṣà kọjá òkun, a ò mọ orúkọ wọn, àmọ́ à ń júbà wọn.

Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ yìí: ẹ wá kòkòrò kan, ẹ má pa á. Ẹ ka ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹ ka ìyẹ́ rẹ̀, kí ẹ tó yà á. Nísàlẹ̀ àwòrán, ẹ kọ orúkọ ẹni tó bá yín rí i.

Àṣẹ o.