Oògùn tí wọ́n ń fún adìyẹ lójoojúmọ́ lè sọ oògùn ọsibítù di yẹpẹrẹ

Ọ̀pọ̀ ọlọ́sìn adìyẹ ló gbà pé àǹtíbàótíìkì tí wọ́n ń pò mọ́ omi adìyẹ láràárọ̀ kì í ṣe owó tó sọnù. Wọ́n ní kò ní jẹ́ kí adìyẹ kú, yóò sì jẹ́ kó tètè sanra. Ṣùgbọ́n ohun tó ṣẹlẹ̀ nílẹ̀ Yúróòpù láàárín ọdún 1988 sí 2006 fi hàn pé àṣà yìí lè dá wàhálà sílẹ̀ ní ọsibítù, àti pé èrè tó wà nínú rẹ̀ kò tó bí wọ́n ṣe rò.

Kòkòrò inú ìfun

Enterococcus ni orúkọ kòkòrò àìfojúrí kan tó ń gbé inú ìfun èèyàn àti ẹranko. Kì í sábà yọ ẹni tí ara rẹ̀ le lẹ́nu. Ọsibítù ló ti máa ń ṣọṣẹ́: ó lè wọ inú ẹ̀jẹ̀ tàbí ojú ọgbẹ́ iṣẹ́ abẹ aláìsàn tí agbára ti tán lára rẹ̀. Vancomycin wà lára oògùn tí àwọn dókítà máa ń sá tọ̀ bí àwọn yòókù bá kọ̀ tí wọn kò ṣiṣẹ́. Lọ́dún 1988, àwọn onímọ̀ ìṣègùn nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé kéde pé àwọn rí Enterococcus tí vancomycin kò ràn lára àwọn aláìsàn.

Nígbà tó yá, wọ́n bá irú kòkòrò yìí nínú ìgbẹ́ adìyẹ àti ẹlẹ́dẹ̀. Oògùn kan tó ń jẹ́ avoparcin ni àwọn àgbẹ̀ Yúróòpù ń pò mọ́ oúnjẹ ẹran kó lè tètè dàgbà. Ọmọ ìyá ni avoparcin àti vancomycin: kòkòrò tó bá ti mọ bó ṣe ń bọ́ lọ́wọ́ ọ̀kan ti mọ ti èkejì.

Bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ nìyí. Nínú àìmọye kòkòrò tó wà nínú ìfun adìyẹ, díẹ̀ lè wà tí oògùn kò ràn. Oògùn díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́ á máa pa àwọn yòókù, àwọn olóríkunkun á wá ráyè pọ̀ sí i. Ìgbẹ́, ẹran àti ọwọ́ òṣìṣẹ́ oko ló ń gbé wọn dé ọ̀dọ̀ èèyàn.

Àgbẹ̀ nìkan kọ́ ló jẹ̀bi o. Ní Amẹ́ríkà, níbi tí wọn kò ti gba avoparcin láyè, vancomycin tí àwọn ọsibítù ń lò lálòjù wà lára ohun tó tan kòkòrò náà kálẹ̀.

Ohun tí Denmark ṣe

Denmark fòfin de avoparcin lọ́dún 1995, àjọ ìṣọ̀kan Yúróòpù tẹ̀lé e lọ́dún 1997. Lọ́dún 1998, àwọn ọlọ́sìn adìyẹ Denmark fúnra wọn pa gbogbo oògùn amúsanra tì. Nínú Enterococcus faecium tí wọ́n gbà lára adìyẹ ẹlẹ́ran, èyí tí oògùn kò ràn já wálẹ̀ láti nǹkan bíi 73 nínú 100 lọ́dún 1995 sí bíi 6 lọ́dún 2000. Adìyẹ kò kú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Oúnjẹ tí wọ́n ń jẹ ló fi díẹ̀ lé sí i, owó oògùn tí wọn kò ná mọ́ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dí i tán. Nígbà tí ọdún 2006 bẹ̀rẹ̀, àjọ ìṣọ̀kan Yúróòpù ti fòfin de àǹtíbàótíìkì amúsanra.

Ohun tí ọlọ́sìn lè ṣe

Àjẹsára ló ṣe pàtàkì jù. Fáírọ́ọ̀sì ló ń fa àrùn Newcastle àti Gumboro, kò sì sí àǹtíbàótíìkì tó ń wò wọ́n. Ilẹ̀ gbígbẹ, omi tó mọ́ àti àyè tó tó nínú ilé adìyẹ náà ń dín àìsàn kù.

Bí adìyẹ bá ṣàìsàn, dókítà ẹranko ni kí ọlọ́sìn kọ́kọ́ pè kó tó ra oògùn. Kó lò ó pé, kó sì ka ara páálí oògùn láti mọ iye ọjọ́ tí kò gbọdọ̀ fi ta ẹyin tàbí ẹran.

Ẹni tó bá ń kọ owó oògùn oṣooṣù sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ iye adìyẹ tó kú yóò tètè mọ̀ bóyá oògùn ojoojúmọ́ ń mú èrè wọlé, tàbí ó kàn ń jẹ owó.