Ọyẹ́ Dé: Ọ́ìlì Wo Ló Yẹ Ọkọ̀ Tó Ti Dàgbà?

Bí ọyẹ́ bá ti wọ Rẹ́mọ, ọ̀rọ̀ kan ni mo máa ń gbọ́ lẹ́nu àwọn oníṣòwò obì ní Ṣágámù àti àwọn olùkọ́ ní Ìkẹ́nnẹ́: “Òtútù ti dé, ẹ jẹ́ kí á pààrọ̀ ọ́ìlì mọ́tò sí èyí tó ṣàn.”

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ fara balẹ̀. Òtútù tí wọ́n kọ sára gálọ́ọ̀nù ọ́ìlì kì í ṣe ọyẹ́ tiwa.

Ẹ ó rí 20W-50, 15W-40 tàbí 5W-30 lára rẹ̀. W yẹn dúró fún ìgbà òtútù àwọn òyìnbó. Nọ́ńbà tó ṣáájú rẹ̀ ń sọ bí ọ́ìlì ṣe ń ṣàn nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù. Bí ó bá ṣe kéré tó ni ọ́ìlì ṣe ń ṣàn tó. Èyí tó gbẹ̀yìn ń sọ bí ó ṣe ki tó nígbà tí ó bá gbóná bí omi tó ń hó. 20W tí a ń pè ní èyí tó ki yìí pàápàá, inú òtútù tó fi ìwọ̀n 15 rẹlẹ̀ ju èyí tí omi fi ń di yìnyín ni wọ́n ti ń dán an wò. Ta ló bá yìnyín nínú àmù rẹ̀ rí ní Ìpẹru?

Ooru ni ọ̀tá ọkọ̀ wa. Ẹni tó bá ti há sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ lọ́sàn-án gangan ní oríta Ṣágámù, níbi tí ọ̀nà Èkó sí Ìbàdàn ti pàdé ọ̀nà Bìní, mọ ohun tí mò ń wí.

Èwo ni kí á rà? Ìwé tó bá ọkọ̀ wá ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Bí ó bá ní 5W-30, tí ẹ́ńjìnnì kò sì mu ọ́ìlì, ẹ má kúrò lórí rẹ̀. Bí ọkọ̀ bá ti ń mu ọ́ìlì, tó ń rú èéfín, 15W-40 tàbí 20W-50 lè dín in kù, bí ìwé náà bá fi àyè gbà á. Ṣùgbọ́n kì í ṣe oògùn o! Ọ́ìlì kò lè sọ ẹ́ńjìnnì tó gbó di tuntun.

Ẹ tún wo lẹ́tà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ API. SF kò tọ́ sí ọkọ̀ tí wọ́n ṣe lẹ́yìn 1988; ẹ wá SN tàbí SP.

Ẹ sá fún ọ̀pọ̀ tí ń pani lára. Olùkọ́ kan tí mo mọ̀ ra gálọ́ọ̀nù tí wọ́n ti já ìdérí rẹ̀, nítorí pé owó rẹ̀ wálẹ̀. Àlòkù ọ́ìlì tí wọ́n sẹ́ ló wà nínú rẹ̀. Kò pẹ́ tí ẹ́ńjìnnì fi nọ́ọ̀kì, owó ilé-ìwé ọmọ ló sì bá a lọ. Bí ẹ bá lo tiyín tán, ẹ dá gálọ́ọ̀nù náà lu, kí àwọn gbájúẹ̀ má baà rọ ìdọ̀tí sínú rẹ̀ tà.

Eruku ni ọyẹ́ fi ń bá mọ́tò jà. Ẹ jẹ́ kí mẹkáníìkì tú asẹ́ tí atẹ́gùn ń gbà wọ ẹ́ńjìnnì wò; bí ó bá ti dí, kí ó pààrọ̀ rẹ̀. Láràárọ̀, kí ẹ tó ṣáná sí ọkọ̀, ẹ fa ọ̀pá ọ́ìlì yọ lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kí ẹ wò ó bóyá ó ti lọ sílẹ̀.

Aṣọ òtútù ni kí á rà nítorí ọyẹ́. Ọ́ìlì mọ́tò, ooru àti ọjọ́ orí ẹ́ńjìnnì ni kí á fi yàn án.