Ìfojúwiná Ìwà Ipá àti Ìbáraṣiṣẹ́ Ọpọlọ: Àyẹ̀wò Ọ̀rọ̀-Ìperí

Láàrin ọdún 1968 sí 1969, nígbà tí àwọn Àgbẹ̀kọ̀yà kọ̀ láti san owó-orí ní àwọn abúlé tí ó yí Ìbàdàn ká, ìró ìbọn dé etí ọ̀pọ̀ ọmọdé. Àkànrán, ibùjókòó Táfà Adéoyè tí í ṣe aṣáájú wọn, wà ní agbègbè Ọ̀nà-Àrà òde òní. Ẹni tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ nígbà náà ti lé ní ọgọ́ta ọdún báyìí. Bí ó bá ṣì ń ta gìrì nígbà tí táyà ọkọ̀ bá bẹ́, àwọn ará ilé rẹ̀ yóò ní àyà rẹ̀ já. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kò ní wo àyà. Inú orí ni yóò wò. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ atúmọ̀-èdè ti bẹ̀rẹ̀.

"Ìfojúrí ìwà ipá" kò tó, nítorí ọmọ tí ó wà nínú yàrá lè má rí ohunkóhun. "Ìfojúwiná" gba ẹni tí ó rí, ẹni tí ó gbọ́ àti ẹni tí ọwọ́ bà.

Ẹ̀yà ọpọlọ méjì ni ọ̀ràn náà kàn jù. Èkíní wà ní ìsàlẹ̀ inú ọpọlọ, lọ́tùn-ún àti lósì. Òun ni ó ń tètè fura sí ewu. Àmígídálà ni wọ́n ń pè é, láti inú ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí ó túmọ̀ sí èso álímọ́ńdì. Ẹni tí ó bá tú u sí "èso ọpọlọ" yóò jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ máa wá igi nínú agbárí. Ó sàn kí a yá a lò. Èkejì ni ọpọlọ iwájú, lẹ́yìn egungun iwájú orí, tí ó ń gbé ọ̀ràn yẹ̀ wò tí ó sì ń pẹ̀tù sí ìjayà: táyà ni, kì í ṣe ìbọn. "Ìkóra-ẹni-níjàánu" bá iṣẹ́ yìí mu gan-an. Ẹṣin ṣì lè sáré, ṣùgbọ́n ìjánu wà lọ́wọ́ ẹni tí ó gùn ún. "Ìpamọ́ra" kò péye, nítorí ẹni tí ń pa ìbínú mọ́ra lè má tíì borí rẹ̀.

Ohun tí ó wà láàrin àwọn méjèèjì ni ó ṣòro sọ. "Ìsopọ̀" yẹ àwọn okùn iṣan tí ó ti ibìkan dé ibòmíràn. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ̀rọ tí a ti fi ń wo iṣẹ́ ọpọlọ láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990 ń fi hàn ni bí iṣẹ́ ẹ̀yà méjì ṣe ń lọ sókè sódò pọ̀; "ìbáraṣiṣẹ́" ni ó yẹ èyí. Ọ̀pọ̀ ìwádìí rí i pé ìbáraṣiṣẹ́ yìí yàtọ̀ lára àwọn ọmọ tí ó ti fojú winá ìwà ipá: nínú àwọn kan ó dẹ̀, nínú àwọn mìíràn ó le ju ti ẹgbẹ́ wọn lọ. Nítorí náà, kí atúmọ̀-èdè kọ "ní í ṣe pẹ̀lú". Kí ó má kọ "fa".

Bí olùkọ́ ní Ẹgbẹ́dá tàbí Lágelú bá sọ fún ìyá kan pé ìsopọ̀ ọpọlọ ọmọ rẹ̀ ti já, wèrè ni ìyá náà yóò gbọ́, àdúgbò yóò sì gbọ́ ọ pẹ̀lú. Bí ó bá sọ pé ẹ̀yà méjì lè má tíì máa bára ṣiṣẹ́ dáadáa nígbà tí ẹ̀rù bá ba ọmọ náà, ìyá yóò béèrè ohun tí a lè ṣe. Olùkọ́ sì lè dá a lóhùn pé ọpọlọ iwájú ń dàgbà títí ènìyàn yóò fi lé ní ogún ọdún.